Kí Ni Microsoft Rí Rà?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2016 ni Microsoft, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, kéde pé òun yóò ra LinkedIn, ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fi ara wọn han agbanisíṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iye rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 26.2 dọ́là. Kí ni ó rí rà?

Ẹni tí ó mọ Liverpool Road ní Àpápá yóò tètè dáhùn. Ọ̀pọ̀ aṣojú tí ń gba ẹrù jáde ní èbúté kò ní ọkọ̀ akẹ́rù kankan. Àwọn ènìyàn tí ó mọ̀ ni ọrọ̀ rẹ̀. Microsoft ti ní irinṣẹ́ ọ́fíìsì. Ó wá fi owó ra ìmọ̀ nípa àwọn tí ń lò ó: iṣẹ́ wọn, ipò wọn àti ojúlùmọ̀ wọn, ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù 400 lọ.

Ènìyàn laṣọ, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ta aṣọ yìí, àwọn tí a fi hun ún kò gba kọ́bọ̀. Kí ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ tí ń wá iṣẹ́ kọ ohun tí agbanisíṣẹ́ nílò, kí ó sì pa ìyókù mọ́. Òfin tí ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023. Kí ìjọba má ṣe jẹ́ kí ó sùn sínú ìwé.