Oyè Kì í Sọ Òmùgọ̀ Di Ọlọ́gbọ́n

Ẹ̀yin ará Ìwòyè-Kétu, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu wa tó yẹ ká tu dànù: "Ẹ fi í joyè ná, oyè náà ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n." À ń sọ ọ́ nígbà tí oyè ìlú bá ṣófo, à ń sọ ọ́ nígbà tí ìjọ bá ń wá Bàbá Ìjọ. Irọ́ ni.

Ẹ ṣí ìwé Òwe, orí 26. Níbẹ̀, Sólómọ́nì fi ọlá òmùgọ̀ wé òjò ìgbà ìkórè. Àwa tí a ń sá láfún mọ ohun tó ń wí. Ẹ̀gẹ́ tí a ti bó, tí a ti rẹ, tí a sá sórí àpáta, bí òjò bá pa á kó tó gbẹ, yóò dúdú, yóò bu, oníbàárà yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò kọjá lọ.

Bí ipò bá ń kọ́ni lọ́gbọ́n ni, Rèhóbóámù ì bá gbọ́n. Ọmọ Sólómọ́nì gan-an ni, ẹni ọdún 41 sì ni nígbà tó jọba. Ní Ṣékémù, àwọn àgbà tó bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní kó fi ohùn tútù dá ará ìlú lóhùn, kó mú àjàgà wọn fúyẹ́. Ó kọ̀ ọ́, ó gba ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń fi àkeekèé halẹ̀ mọ́ ará ìlú. Bí ẹ̀yà Ísírẹ́lì mẹ́wàá ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ká ní kò jọba ni, ilé tirẹ̀ nìkan ni ì bá tú.

Ẹnìkan á ní, "Ṣé kí aláìmọ̀wé má joyè mọ́ ni?" Rárá o! Òmùgọ̀ tí Bíbélì ń wí ni ẹni tí kì í gbàmọ̀ràn. Nábálì ní àgùntàn 3,000 àti ewúrẹ́ 1,000, síbẹ̀ ìránṣẹ́ rẹ̀ sọ fún Ábígẹ́lì, ìyàwó rẹ̀, pé kò ṣe é bá sọ̀rọ̀. Irú rẹ̀ là ń wúyè fún nítorí pé ó kan páànù sórí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ gba páànù, ẹ dúpẹ́ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹjọ́ ilẹ̀ lé e lọ́wọ́. Láti 1889 tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fi ààlà la àwa ọmọ Kétu sí méjì, ẹbí wa wà níhìn-ín, ó wà ní Benin. Ọ̀rọ̀ kan tí olóyè bá fìbínú sọ lórí oko lè ya ọmọ ìyá nípá títí dé ọmọ-ọmọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra aṣọ ẹbí ìwúyè tó ń bọ̀, ẹ lọ bá àwọn tó bá ẹni náà pààlà lóko. Ẹ bi wọ́n bóyá ó máa ń gbọ́ bí wọ́n bá sọ fún un pé ó ṣì.