Napoli fún Osimhen níwèé tuntun, àṣé wọ́n fẹ́ẹ́ tà á ni

Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ ta mọ́tò rẹ̀ ló máa ń kùn ún lọ́dà tuntun. Kò sẹ́ni tó ń ṣòwò n'Ìjẹ̀bú-Òde tí kò mọ ìyẹn. Síbẹ̀, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n ṣe Kérésìmesì ọdún 2023, tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Napoli nílẹ̀ Ítálì ní kí Victor Osimhen wáá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tuntun, ńṣe ni àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń yọ̀ nílé-lóko. Wọ́n ní ọmọ wa ti jókòó pa síbẹ̀, wọ́n ní Napoli ò jẹ́ jẹ́ kó lọ. Ọ̀dà ni wọ́n rí, wọn ò rí i pé mọ́tò ti wà lọ́jà.

Èkó ni wọ́n bí Osimhen sí lọ́dún 1998, àdúgbò Olúṣọ́sùn ló dàgbà sí, ó sì ta píọ́ wọ́tà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kó tó di ẹni tí ayé ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Lọ́dún 2015, nílẹ̀ Chile, ó gbá góòlù 10 wọlé nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn ò ju 17 lọ. Kò sẹ́ni tó gbá iye yẹn wọlé rí nínú ìdíje náà. Ẹ rántí pé ìdíje yìí kan náà ló wá sílẹ̀ wa lọ́dún 2009, tí wọ́n gbá nínú rẹ̀ ní pápá ìṣeré Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n padà fi sọrí Ọ̀túnba Dípọ̀ Dínà. Lọ́dún 2020 ni Napoli ra ọmọ náà lọ́wọ́ Lille, ilẹ̀ Faransé, iye tí wọ́n sì gbé jáde lé ní 70 mílíọ̀nù yúrò.

Owó yẹn ò ṣòfò o. Ní sáà 2022 sí 2023, góòlù 26 ni Osimhen gbá wọlé nínú líìgì Ítálì, òun sì ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí góòlù rẹ̀ máa pọ̀ jù níbẹ̀. Láti ìgbà Maradona lọ́dún 1990, Napoli ò gba líìgì yẹn mọ́. Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023 ni wọ́n gbà á nílùú Udine, Osimhen ló sì gbá góòlù tó sọ ọ́ di tiwọn wọlé. Ọjọ́ yẹn gan-an ló pé ọdún 11 tí Ràṣídì Yẹkínì kú. Bóyá àwọn ará Ítálì mọ̀ tàbí wọn ò mọ̀, àwa mọ̀.

Àmọ́ kò tíì pé oṣù márùn-ún tí nǹkan fi dàrú. Osimhen gbá pẹ́nátì síta nígbà tí wọ́n pàdé Bologna lóṣù Kẹsàn-án, ó bá di pé fídíò kan jáde lójú òpó TikTok Napoli fúnra wọn, tí wọ́n fi ń ṣe ọmọ náà yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ń bá a ṣètò iṣẹ́ rẹ̀ ní àwọn lè gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́. Napoli ní àwọn ò fi bú u. Ó dáa, wọn ò fi bú u, ṣé wọ́n fi kì í ni? Lóṣù Kejìlá, wọ́n fi Osimhen jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù lọ nílẹ̀ Áfíríkà, kò sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn ẹ̀ tí Napoli fi gbé ìwé tuntun síwájú ẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé. Oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni àdéhùn àtijọ́ ì bá parí. Láti ìgbà tí ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù sì ti dá ẹjọ́ Jean-Marc Bosman, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, lóṣù Kejìlá ọdún 1995, agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn ẹ̀ bá ti parí ti dòmìnira nìyẹn. Ibi tó bá wù ú ló ń lọ, ẹgbẹ́ tó fi sílẹ̀ ò ní í gba kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Mbappé ṣe rìn kúrò ní Paris lọ sí Madrid lọ́dún 2024, bí PSG ti lówó tó, wọ́n kàn ń wò ó ni. Ààrẹ Napoli, Aurelio De Laurentiis, tó jẹ́ pé fíìmù ló ń ṣe kó tó ra ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, kì í ṣe ẹni tó máa jẹ́ kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sóun. Ó fi owó oṣù kún owó oṣù fún Osimhen, ó sún àdéhùn náà síwájú dé 2026, ó wá kọ iye tí wọ́n máa ta ọmọ náà sínú ẹ̀: nǹkan bíi 130 mílíọ̀nù yúrò, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníròyìn ibẹ̀ ṣe gbé e jáde. Kó tó di pé oṣù Kejì ọdún 2024 parí, De Laurentiis fẹnu ara ẹ̀ sọ pé àwọn ti mọ̀ pé ọmọ náà máa lọ. Ìwé tí wọ́n ní ó fi dúró, ìwé tó fi máa lọ ni.

Ọgbọ́n tó wà nídìí ẹ̀ dáa, iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ ló burú. Ní sáà yẹn, ipò kẹwàá ni Napoli wà, kóòṣì mẹ́ta ni wọ́n lò, góòlù Osimhen sì wálẹ̀ sí 15. Ta ló máa san 130? Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2024 dé, ẹnì kankan ò san án. Napoli ò dúró, wọ́n lọ mú Romelu Lukaku wá láti Chelsea, nǹkan bíi 30 mílíọ̀nù yúrò ni wọ́n ní wọ́n san. Chelsea bá Osimhen sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ò wọ̀. Al-Ahli ilẹ̀ Saudi bá a sọ ọ́, kò bọ́ sí i. Ilẹ̀kùn ọjà tì lọ́jọ́ 30, oṣù Kẹjọ. Nígbà tí Napoli máa gbé orúkọ àwọn tó máa gbá líìgì jáde, orúkọ Osimhen ò sí níbẹ̀.

Ibi yìí ni ìjà ti máa ń bẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ka àkòrí ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ láràárọ̀. Ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín ni pé iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe ló ń pinnu ẹ̀yìn ẹni tó máa wà. Àwọn tó ń gbowó oṣù á ní, ọmọ tó fi góòlù 26 gbé yín dókè, ẹ tún wáá yọ orúkọ ẹ̀? Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n gba télọ̀ tàbí mẹkáníìkì síṣẹ́, á fèsì pé, "Àbúrò, ẹni tó ti ní òun ń lọ, tí mo bá tún gbé ṣọ́ọ̀bù lé e lọ́wọ́, ojú ọ̀nà lá máa wò." Òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ Osimhen kọ́ ló kọ 130 sórí ọjà, bẹ́ẹ̀ òun ló fẹ́ẹ́ lo sáà kan gbáko láìgbá bọ́ọ̀lù tó bá jẹ́ pé Galatasaray ilẹ̀ Tọ́kì ò wá yá a lóṣù Kẹsàn-án. Gbogbo ohun tí ẹni ọdún 25 fi ń jẹun wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ọdún kan tó bá sì fi jókòó, kò sẹ́ni tó lè dá a padà fún un.

Ohun tó tún dí àwọn méjèèjì lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó pàdánù. Osimhen gbá góòlù 37 wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 41 fún Galatasaray ní sáà 2024 sí 2025, wọ́n gba líìgì, wọ́n gba ife. Napoli náà gba líìgì Ítálì! Góòlù 14 péré ni Lukaku gbá wọlé nínú líìgì ọ̀hún, ṣùgbọ́n wọ́n ti ra Scott McTominay láti Manchester United, òun ni wọ́n sì fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní sáà náà. Wọn ò wá ẹnì kan tó máa ṣe bíi Osimhen, wọ́n pín iṣẹ́ ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹ fi ìyẹn wé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Setúbal nílẹ̀ Pọtogí. Góòlù 21 ni Yẹkínì gbá wọlé fún wọn ní sáà 1993 sí 1994, tiẹ̀ ló pọ̀ jù ní líìgì náà. Wọ́n tà á fún Olympiacos ilẹ̀ Gíríìsì lọ́dún 1994, wọn ò rí ẹni dí àlàfo ẹ̀, nígbà tó fi máa di 1995, Setúbal ti já sí ìpele kejì. Yẹkínì náà ò gbádùn Gíríìsì, lọ́dún 1997 ó padà sí Setúbal.

Nílé wa níbí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ líìgì wa ni kò tiẹ̀ débi tí wọ́n ti ń ronú bóyá kí wọ́n dá ìràwọ̀ wọn dúró tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Wọ́n ti jẹ ẹ́ lówó tán. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 2018 ni òfin FIFA ti sọ pé bí ẹgbẹ́ bá jẹ agbábọ́ọ̀lù lówó oṣù méjì, tí agbábọ́ọ̀lù sì fún wọn ní ọjọ́ 15 láti san án tí wọn ò san án, ó lè fa ìwé àdéhùn náà ya. Lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n á máa pariwo pé ọmọ náà ò lójú àánú.

Ìparí oṣù Keje ọdún 2025 ni Galatasaray ra Osimhen pátápátá, 75 mílíọ̀nù yúrò. Ẹ yọ ọ́ nínú 130, kẹ́ ẹ rí iye tí ìgbéraga jẹ. Àmọ́ Napoli rí owó tí wọ́n fi rà á gbà padà, wọ́n sì ti lò ó fún ọdún mẹ́rin gbáko. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn ẹ̀ ni Lukaku fara pa nítan nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ kan tí wọ́n bá Olympiacos gbá, Olympiacos ti Yẹkínì yẹn náà, ni Napoli bá tún sáré lọ yá Rasmus Højlund lọ́wọ́ Manchester United.