Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú Láìsí Yàrá

Abala 54 nínú òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tó ti wà láti ọdún 1974, là á mọ́lẹ̀ pé òṣìṣẹ́bìnrin tó bá ń fún ọmọ lọ́mú lẹ́tọ̀ọ́ sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárín àkókò iṣẹ́, láti fi bọ́ ọmọ rẹ̀. Kò ya ilé iṣẹ́ ìjọba sọ́tọ̀ sí ti aládàáni. Ibi tí obìnrin náà yóò jókòó sí ni kò sọ, ohun tó sì ń dá ọ̀pọ̀ abiyamọ lágara ní Port Harcourt nìyẹn.

Ó jọ pé àwọn tó kọ òfin náà gbà pé ọmọ yóò wà nítòsí. Ìyá tó ń tajà ní ọjà Mile 1 ò ní irú wàhálà yìí: ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ wà, ìgbà tó bá ké ni yóò jẹun. Ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Trans-Amadi yàtọ̀. Rumuokoro lọ́hùn-ún ni ọmọ wà, lọ́wọ́ ìyá àgbà tàbí nílé ìtọ́jú ọmọ. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti mú Garrison, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ò gbé ènìyàn dé ibì kankan. Ẹni tó ń ti Onne gba Eleme Junction wálé, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ tirẹ̀. Kí obìnrin fún omi ọmú sínú ìgò níbi iṣẹ́, kó gbé e dání lọ sílé, ni ọ̀nà tó kù.

Ọmú kì í sì í dúró de ìgbà tí ọ̀gá bá ráyè. Bí a ṣe ń fún un jáde ni ara ń pèsè òmíràn. Bó bá kún tí a ò fún un, yóò wú, yóò le, ó lè di àrùn inú ọmú pẹ̀lú ibà, ara yóò sì gbà pé ọmọ ò fẹ́ mọ́, yóò dín in kù. Ìdí nìyí tí abiyamọ fi ní láti máa fún un ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta. Èyí tó tún ṣòro jù ni pé ìbẹ̀rù a máa dí i lọ́wọ́. Pọ́ọ̀mpù tó wọ́n jù lọ́jà ò lè fa omi ọmú dáadáa lára ẹni tí etí rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, tó ń retí kí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀, yàrá ìkẹ́rù, ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n fi aṣọ bò: àwọn ibi tí wọ́n ń sá sí nìyẹn.

Ká tiẹ̀ ní ó fún un tán. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìlera ni pé omi ọmú lè wà nílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin níbi tí ooru ò bá ti kọjá 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ̀sán Port Harcourt ní oṣù kejì àti oṣù kẹta máa ń fò kọjá 30. Kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀ lè tọ́jú rẹ̀ di wákàtí 24, ṣùgbọ́n iná ní í sọ omi di yìnyín, ìlú tí iná ti ń ṣe ségesège sì ni a wà. Ẹ tún rántí èéfín dúdú tó ń bà lé gbogbo nǹkan láti ìparí ọdún 2016; a kò lè sá ìgò ọmọ sójú fèrèsé kó gbẹ ká sì fọkàn balẹ̀.

Port Harcourt wà lára àwọn ìlú tí ètò ilé ìwòsàn ọ̀rẹ́ ọmọ ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ó ti pẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń kọ́ aboyún pé ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù mẹ́fà. Síbẹ̀, ìwádìí ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2018 fi hàn pé ìdá 29 péré nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń mu ọmú nìkan. Ó ti mọ́ wa lára láti di ẹ̀bi náà ru ìyá àgbà àti àgbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ kan náà fi dandan lé ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré lẹ́yìn ìbímọ. Ta ni yóò bọ́ ọmọ náà fún oṣù mẹ́rin ààbọ̀ tó kù? Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ 16, tó bá sì padà, wákàtí méjì lójúmọ́ jẹ́ tirẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní GRA ò ní irú rẹ̀.

A mọ̀ pé owó dísù ń fojú àwọn agbanisíṣẹ́ rí màbo. Àmọ́ yàrá kékeré kan ni à ń sọ: ilẹ̀kùn tó ṣeé tì látinú, àga, ibi tí wọ́n ti lè ki wáyà bọ iná, omi ẹ̀rọ, fíríìjì kékeré. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 fi kún iye òṣìṣẹ́ tí agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá ibi kọ́lọ́fín fún, tí kì í ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀, fún ọdún kan lẹ́yìn ìbímọ.

Abuja nìkan ló lágbára láti tún òfin iṣẹ́ ṣe, nítorí náà àwọn aṣòfin tó ń ṣojú ìpínlẹ̀ wa, Rivers, lọ́hùn-ún ni a ń kọ́kọ́ bá wí: ẹ fi yàrá kún abala 54. Ìjọba ìpínlẹ̀ kò ní láti dúró dè wọ́n. Ìjọba Èkó kò dúró de ẹnikẹ́ni ní ọdún 2014 tó fi sọ ìsinmi ìbímọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ di oṣù mẹ́fà. Kí Sẹkitéríàtì ìjọba Rivers kọ́kọ́ ní yàrá tirẹ̀. Ní ti àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni, òfin ti fún òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ láṣẹ láti wọlé, kó sì béèrè ọ̀rọ̀. Nígbà tó bá tún dé Trans-Amadi, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn abiyamọ ibẹ̀ bóyá wọ́n ń rí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wọn gbà, àti ibi tí wọ́n ti ń lò ó.