Ẹ má kó gbogbo ọjà lọ sí Alaska

1. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ìgbà ooru ti ń wọlé bọ̀ ní Kánádà, mo sì ti ń rí àwọn tó ń múra láti gbé RV gba Alaska Highway lọ sí àríwá. Ìmọ̀ràn kan náà ni gbogbo èèyàn ń fún wọn: "Ẹ ra gbogbo oúnjẹ yín ní Edmonton o, ọjà wọ́n lọ́hùn-ún." Mo fẹ́ ta ko ìmọ̀ràn yẹn. Ó jọ ọgbọ́n lóòótọ́, àmọ́ ìbẹ̀rù ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

2. Fún ẹni tí kò mọ RV: ọkọ̀ ńlá tó ní ibùsùn, sítóòfù, fíríìjì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ni. Láti Edmonton dé Dawson Creek, níbi tí ọ̀nà tí mò ń sọ ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 590 kìlómítà ni. Láti Dawson Creek, ọ̀nà yẹn gba British Columbia àti Yukon kọjá, ó wá parí sí Delta Junction ní Alaska. Ó lé ní 2,200 kìlómítà. Bí ìgbà téèyàn lọ láti Èkó sí Kano tó tún padà ni.

3. Lọ́dún tó kọjá la lọ: èmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọkọ wọn, àwọn ọmọ wọn méjèèjì, àti Màámi tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn. Màámi ló bójú tó ọjà. Ẹ ṣáà mọ ìyá Yorùbá. "Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe," ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn bá a ṣe ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn. Gààrí àpò kan, ìrẹsì àpò méjì, iṣu mẹ́jọ, ẹ̀wà, èlùbọ́, epo pupa gálọ́ọ̀nù méjì, ẹja gbígbẹ, ẹran tó kún fíríìjì dẹ́nu, omi oníke páálí mẹ́wàá. Oúnjẹ oṣù méjì fún ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!

4. Nígbà tí ẹrù ò wọlé mọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn nǹkan tá a rò pé kò pọn dandan. Ọ̀kan nínú ohun tá a yọ ni báàgì kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó yẹ inú ẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni ìyókù oògùn ìfúnpá Màámi wà. Ìyẹn ni pé a yọ oògùn sílẹ̀ kí iṣu lè ráyè jókòó.

5. A kọjá Fort Nelson, a ń gun òkè lọ sápá Summit Lake, ni táyà ẹ̀yìn bá bẹ́. Bàbá òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbàlejò kan lójú ọ̀nà ló wá ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n wo ẹrù wa, wọ́n mi orí, wọ́n wá fi sítíkà kan hàn wá lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ìwọ̀n ẹrù tí ọkọ̀ náà lè gbé ló wà lára ẹ̀. A ti ń wọlé tá à ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kò sẹ́ni tó kà á.

6. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Lítà omi kan, kílò kan ni. Bí táńkì omi yín bá gba 150 lítà, tẹ́ ẹ bá rọ ọ́ kún, kílò 150 lẹ ti gbé yẹn, bí àgbà ọkùnrin méjì. Ẹ fi páálí omi, àpò ìrẹsì, iṣu àti èèyàn mẹ́fà kún un. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ ẹ̀. Àwa kó ìtẹ́ ẹfọ̀n lé eku lórí.

7. Láti Fort Nelson dé Watson Lake lé ní 500 kìlómítà. Òkè, odò àti igbó ni, ilé epo àti ilé ìgbàlejò kọ̀ọ̀kan ló wà láàárín wọn, fóònù kì í sì í mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ibi tó pọ̀ níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni táyà tuntun tó dé láti Fort Nelson. Alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni Màámi wá oògùn tí wọn ò rí i. Ẹyọ kan ló kù nínú pọ́ọ̀sì wọn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn. Ẹ̀gbọ́n mi ń dáná, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Oúnjẹ pọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn débi pé a ò ríbi fẹsẹ̀ sí, kò sì sẹ́ni tó lè jẹun.

8. Nígbà tá a dé Watson Lake, ilé ìwòsàn la kọ́kọ́ yà sí. Ìlú kékeré ni, àmọ́ ó ní ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ Màámi wò, wọ́n fún wọn lóògùn, ara wọn balẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ látọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi pé: kí la tiẹ̀ ń bẹ̀rù tá a fi kó tó báyẹn?

9. Mo mọ ohun tí Màámi ń bẹ̀rù, mi ò sì ní bá wọn wí. Ẹni tó ti rí kónílégbélé, ọ̀wọ́n epo, àti ọjà tí iye òní kì í ṣe iye ọ̀la, á mọ̀ pé kéèyàn kó oúnjẹ pamọ́ kì í ṣe ọ̀kánjúwà. Nílé, ọgbọ́n ni. Àmọ́ lójú ọ̀nà yìí, ìrẹsì kọ́ ló máa wọ́n yín. Ìrẹsì wà ní Fort St. John, ó wà ní Fort Nelson, ó wà ní Whitehorse tí ṣọ́ọ̀bù ńláńlá wà bíi ti Edmonton. Ohun tẹ́ ẹ ò ní rí rà láàárín igbó ni táyà tó bá ọkọ̀ yín mu, oògùn yín, àti aṣọ òtútù lóru.

10. Ẹ máa ní, "Àmọ́ ó wọ́n jù." Òótọ́ ni. Ẹ̀fọ́, wàrà àti èso ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lójú ọ̀nà ju iye tí wọ́n ń tà á ní Edmonton lọ. Ẹ wá fi owó táyà kan, epo tí ẹrù wíwúwo ń mu, àti ẹran tó bàjẹ́ kí ẹ tó jẹ ẹ́ kún ti Edmonton, kí ẹ tó sọ fún mi pé ẹ jèrè.

11. Ẹlòmíràn á ní, "Tí ọ̀nà bá dí ńkọ́?" Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2012, òjò àti àgbàrá gé ọ̀nà yìí ní Yukon, pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ní Whitehorse sì ṣófo láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, iná igbó lé gbogbo ará Fort Nelson kúrò nílé. Nítorí náà, mi ò ní kí ẹ lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ ní oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lápamọ́, èyí tí kò nílò iná: gààrí, ẹ̀pà, ẹja inú agolo, bisikíìtì. Àmọ́ kì í ṣe ti oṣù méjì.

12. Ẹ rántí nǹkan kan. Nítorí ẹrù ni wọ́n ṣe la ọ̀nà yìí. Ọdún 1942, láàárín ogun, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà là á ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ kí ohun èlò lè dé Alaska. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Títí dòní, ọ̀nà yẹn ni oúnjẹ àwọn ará ibẹ̀ ń gbà dé. Tẹ́ ẹ bá wọ ìlú kékeré tẹ́ ẹ kó gbogbo búrẹ́dì orí pẹpẹ, oúnjẹ ọmọ ẹlòmíràn lẹ kó yẹn. Tẹ́ ẹ bá sì gba ibẹ̀ kọjá láìra ohunkóhun, ṣọ́ọ̀bù yẹn lè má sí mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìgbàlejò tó wà lójú ọ̀nà náà láyé àtijọ́ ló ti kógbá sílé. Irú ibẹ̀ sì ni bàbá tó ràn wá lọ́wọ́ ti wá.

13. Bí mo ṣe máa ṣe é tí mo bá tún ń lọ nìyí:
– Oògùn ló máa kọ́kọ́ wọlé, ìlọ́po méjì iye ọjọ́ ìrìn àjò, ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.
– Ní Edmonton, ohun tí àríwá kì í tà nìkan ni mo máa rà: gààrí, èlùbọ́, ẹ̀gúsí, ata gígún, epo pupa, níwọ̀nba.
– Ẹran àti ẹ̀fọ́, ti ọjọ́ márùn-ún péré. Dawson Creek, Fort Nelson àti Whitehorse ni mo ti máa rà kún un.
– Táńkì epo ò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ ìdajì.
– Ní ibi kékeré kọ̀ọ̀kan tá a bá dúró sí, mo máa ra nǹkan kan, ì báà jẹ́ tíì àti búrẹ́dì.

14. Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ irú. Ẹranko béárì ń gbóòórùn láti ọ̀nà jíjìn, àwọn ibi ìpàgọ́ ò sì fẹ́ kéèyàn fi oúnjẹ sílẹ̀ níta rárá. Ẹ fi irú yín sínú ìgò tó dé pinpin, kó wà nínú ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ gbọ́ pé béárì wá kí yín nítorí ọbẹ̀.

15. Tẹ́ ẹ bá sì ń sún mọ́ Beaver Creek, ìlú tó gbẹ̀yìn ní Kánádà kí ẹ tó dé ẹnubodè Alaska, ẹ ti gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹran àti èso yín tán. Gbogbo oúnjẹ tó bá kù, ẹ sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ ẹnubodè, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́. Ẹran ìgbẹ́ tí ẹnì kan gbé wá láti ilé, ẹ má tiẹ̀ gbé e dé ibẹ̀ rárá, Amẹ́ríkà kì í gbà á.

16. Iṣu márùn-ún nínú mẹ́jọ la gbé padà sí Edmonton. Wọ́n ti rí Alaska ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Màámi ti padà sí Ìbàdàn. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ rìnrìn àjò báyìí, wọn kì í béèrè oúnjẹ mọ́. Ohun tí wọ́n máa ń bi í ni: "Báàgì kékeré yẹn ńkọ́? Ṣé o ti yẹ inú ẹ̀ wò?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ inú ẹ̀ wò.