Ẹ Fi Tòkunbọ̀ Sílẹ̀, Páàtì Ni Kẹ́ Ẹ Ṣe

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bí ọkọ̀ bá ti dẹnu kọlẹ̀ lójú títì báyìí, ẹnìkan á ní tòkunbọ̀ ló pa iléeṣẹ́ mọ́tò wa, kí ìjọba fòfin dè é. Ìyẹn kọ́ ló pa á.

Ní 1975 ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná, Volkswagen náà ṣí tirẹ̀ ní Èkó lọ́dún kan náà. Ẹ bi àwọn bàbá yín bí 504 àti Ìjàpá ṣe kún títì nígbà náà. Ṣùgbọ́n títò là ń tò wọ́n: ẹ̀yà ara ọkọ̀ ń ti òkè òkun dé nínú àpótí, a ń so wọ́n pọ̀, a ń kùn wọ́n lọ́dà. Ajaokuta tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979 pé kó máa fún wa ní irin kò parí títí dòní. Nígbà tí SAP dé ní 1986 tí náírà já wálẹ̀, owó àpótí wọ̀nyẹn fò sókè. Tísà tó ń yáwó ra Ìjàpá kò lè rà á mọ́. Àlàfo yẹn ni tòkunbọ̀ wá dí.

A sì ti gbìyànjú ìlẹ̀kùn títì. Ní 2013, ìjọba Jonathan gbé owó ibodè ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun dé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2017, wọ́n fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀, nítorí Kútọnu. Ṣé ọkọ̀ tí ń kó wa láti Ara lọ sí Ẹdẹ wá di tuntun? Ó kàn wọ́n sí i ni.

Wọ́n á ní 504 kì í bàjẹ́. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó ń bàjẹ́ dáadáa! Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì abúlé mọ̀ ọ́n tinú-tẹ̀yìn, páàtì rẹ̀ sì wà káàkiri. Lónìí, a ó mú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe dáadáa ní Japan, a ó fi bíréèkì ayédèrú sí i àti ṣọ́ọ̀kù tí wọ́n ti lò gbó nílẹ̀ òyìnbó, a ó wá máa bú mẹkáníìkì. Táyà ńkọ́? Igi rọ́bà wà ní Sapẹlẹ, síbẹ̀ kí 2009 tó parí, Michelin àti Dunlop ti jáwọ́ nínú ṣíṣe táyà ní Nàìjíríà.

Ẹ ó ní Innoson ńkọ́? Mo kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n wà: Nnewi ti jẹ́ ìlú páàtì tipẹ́tipẹ́ kí iléeṣẹ́ ọkọ̀ yẹn tó ṣí ní 2010. Páàtì alùpùpù ni olówó rẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ń tà.

Èyí tó dùn mí jù wà nítòsí wa. Ní 1980 ni ìjọba àpapọ̀ dá Nigeria Machine Tools sílẹ̀ ní Òṣogbo, láti máa ṣe àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin àti láti máa ṣe páàtì. Ẹ̀yin tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ ní Pólì Ẹdẹ àti ní yunifásítì wa gbogbo, mélòó nínú yín ló ti wọ ọgbà rẹ̀ rí? Àwọn olùwádìí Nàìjíríà ti fi èèpo ekùrọ́ ṣe páàdì bíréèkì, inú ìwé ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà. Ekùrọ́ kò wọ́n ní Ara. Ẹni tó bá tún fẹ́ gbé owó ibodè lé ọkọ̀ awakọ̀ wa lórí, kó kọ́kọ́ sọ fún wa ibi tí awakọ̀ náà yóò ti rí páàdì gidi rà.