Ó wà o! Báwo ló ṣe yẹ kí ibùdókọ̀ jìnnà síra tó l'Ékòó?

Àwọn àgbà ní àṣejù, baba àṣetẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọ̀rọ̀ ibùdókọ̀ ìgboro Èkó mu gan-an ni. Bí ibùdókọ̀ bá pọ̀ jù, tí wọ́n fara kan ara wọn bí ilé inú agboolé, ọkọ̀ kò ní í rìn. Bí wọ́n bá sì jìnnà síra jù, èrò ni yóò máa fi ẹsẹ̀ rin ìrìn tó yẹ kí ọkọ̀ gbé e rìn. Àárín méjèèjì yìí ló yẹ ká wà, ṣùgbọ́n títí di òní, a kò tíì débẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tó wà ní ìlú kéékèèké àti ní abúlé lè máa bi ara yín pé kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàn yín o. Ẹni tó kó iṣu tàbí tòmátì wá sí ọjà Mile 12, ìyá àgbà tó wá wo ọmọ ọmọ rẹ̀ ní Sùúrùlérè, bàbá tí wọ́n ní kó wá rí dókítà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, gbogbo wọn ni yóò sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan, tí wọn yóò sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ danfo. Nínú danfo, ibi tí èrò bá ti pariwo "Ó wà o!" ni ibùdókọ̀. Ẹnì kan á sọ̀ níwájú ilé ìjọsìn, ẹlòmíràn á sọ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, ọkọ̀ kò sì tíì kọjá òpó iná mẹ́ta tí ẹnì kẹta á tún fi ké pé "Ó wà o!" Kọ́ńdọ́ á gbá ara ọkọ̀ gbàgbàgbà, dẹ́rẹ́bà á tẹ búrẹ́ẹ̀kì láàárín títì, nítorí kò sí àyè tí yóò yà sí. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn á dúró, èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà á dúró. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìjàǹbá, kò sí òjò, ọ̀nà kò sì bàjẹ́.

Ìṣirò tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kò le. Láti Mile 12 dé CMS jẹ́ kìlómítà 22. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ìdajì ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ máa ń fi ṣòfò ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, láti ìgbà tó bá ti ń dẹwọ́ eré títí tó fi tún máa gbéra. Bí ibùdókọ̀ bá wà ní 300 mítà síra, ọkọ̀ yóò dúró ní nǹkan bí ìgbà 73, èyí tó jẹ́ ìṣẹ́jú 36 lórí ìdúró nìkan. Bí a bá fi í sí 500 mítà, yóò dúró ní ìgbà 44, ó di ìṣẹ́jú 22. Ìṣẹ́jú 14 ti wọlé fún ẹni tó ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ 40 nínú ọkọ̀ kan, àkókò tí gbogbo wọn rí gbà padà lé ní wákàtí 9, nínú ìrìn ẹyọ kan ṣoṣo.

Kí ni èrò yóò fi san èyí? Bí ibùdókọ̀ bá jẹ́ 300 mítà síra, ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí títì kò lè jìnnà ju 150 mítà lọ sí èyí tó sún mọ́ ọn jù. Bó bá di 500 mítà, ó di 250 mítà. Ìrìn tó fi kún un kò ju 100 mítà lọ, bí ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ sí méjì fún ẹni tí kò yára. Ẹni tó fi ìṣẹ́jú méjì ra ìṣẹ́jú 14 kò ṣòfò. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé "Ó wà o!" ní gbogbo igun kì í ṣe oore fún èrò. Ẹni kan ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀, gbogbo àwọn tó kù nínú ọkọ̀ ló ń san gbèsè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká sáré jù. Bí a bá tún sún un láti 500 mítà sí 800, ìdúró á di nǹkan bí 27, àkókò tí a ó tún rí gbà kò ju ìṣẹ́jú 8 lọ. Ìrìn ẹsẹ̀ yóò sì di 400 mítà fún ẹni tó jìnnà jù, kó tó kan ìrìn láti inú àdúgbò bọ́ sí títì. Èrè ti ń dín kù, owó tí à ń san ń pọ̀ sí i. Ọjà tó bá rí báyìí, ọlọ́gbọ́n á dúró níbẹ̀.

Kì í ṣe pé Èkó kò mọ̀ nípa ètò yìí. Òfin ọdún 2002 ló dá àjọ LAMATA sílẹ̀ láti máa bójú tó ètò ìrìnnà ìgboro. Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹta, ọdún 2008, nígbà ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Mile 12 sí CMS. Ọ̀nà tiwọn lọ́tọ̀ ni wọ́n yà fún wọn ní apá tó pọ̀ jù nínú ìrìn náà, wọ́n sì kọ́ ibùdókọ̀ tí kò ṣeé yí padà. Ní ọdún 2015, wọ́n fa ọ̀nà náà dé Ìkòròdú. Ní ọdún 2020, wọ́n ṣí ti Òṣòdì sí Abúlé-Ẹ̀gbá. Ìwé ìlànà tí àjọ ITDP ń tẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n fi ń díwọ̀n ètò BRT káàkiri àgbáyé, sọ pé láàárín 300 mítà sí 800 mítà ló yẹ kí ibùdó kan jìnnà sí èkejì. Ó ṣe kedere pé àwọn tó mọṣẹ́ náà pàápàá kò fọwọ́ sí pé kó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ ojú irin ló lè dúró ní ọ̀nà jíjìn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Blue Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ní ibùdó 5 péré lórí kìlómítà 13: Marina, National Theatre, Orílé, Sùúrù-Alába àti Mile 2. Ó lé ní kìlómítà 3 láàárín ọ̀kan sí èkejì. Kò burú, nítorí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni láti gbé èrò lọ síbi tó jìnnà kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ̀ ní Orílé, bọ́ọ̀sì ló yẹ kó gbé e dé ẹ̀bá ilé. Bí bọ́ọ̀sì náà bá tún fẹ́ máa ṣe bí ọkọ̀ ojú irin, ta ni yóò wá ṣe iṣẹ́ bọ́ọ̀sì?

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé orí máàpù ni wọ́n ti ń wọn ọ̀nà, ẹsẹ̀ èèyàn ló sì ń rìn ín. Ibùdókọ̀ tó jẹ́ 200 mítà lórí máàpù lè di ìlọ́po mẹ́ta fún ẹni tó ní láti gun àtẹ̀gùn afárá ẹlẹ́sẹ̀, kó rìn kọjá títì, kó tún sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì. Ní ibòmíràn, àwọn òǹtajà ti gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, gọ́tà sì là sílẹ̀ láìní ìdérí, débi pé inú títì gan-an ni èèyàn ń rìn pẹ̀lú ọkọ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi á bo ọ̀nà àti gọ́tà pọ̀, ẹni tó jẹ́ àjèjì kò ní mọ èyí tí í ṣe ọ̀nà. Ìrìn ìṣẹ́jú méjì fún ọ̀dọ́langba lè di ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó sì gbé ẹrù lórí.

Nígbà kan, ọ̀kadà ló ń dí àlàfo yìí. Kò sí ẹni tó ní òye tí yóò ní ọ̀kadà kò fa ìjàǹbá. Òfin ìrìnnà ọdún 2012 lé e kúrò ní ọ̀nà 475. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fòfin dè é pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ Àpápá, Ẹtí-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Lagos Island, Lagos Mainland àti Sùúrùlérè. N kò bá ìjọba jà lórí ìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé, ní ọjọ́ tí wọ́n mú ọ̀kadà kúrò, ìrìn láti ibùdókọ̀ dé ilé ti gùn sí i fún ẹni tí kò ní ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sún ibùdókọ̀ kankan mọ́ ọn nítorí rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ní ọ̀nà ìgboro lásán, kí ibùdókọ̀ wà ní 400 sí 500 mítà síra. Ní ọ̀nà BRT, kí ó má kọjá 800 mítà níbikíbi tí èèyàn ń gbé. Ṣùgbọ́n ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Níbi tí ilé ìwòsàn ńlá tàbí ọjà bá wà, kí wọ́n gbé ibùdókọ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, bí kò tilẹ̀ bá ìwọ̀n mu. Aláìsàn kò mọ ohun tó ń jẹ́ 500 mítà. Kí wọ́n má ṣe fi í sí ẹnu oríta gan-an, kí ó kọjá oríta díẹ̀, kí wọ́n sì gé àyè sí ẹ̀gbẹ́ títì tí ọkọ̀ yóò yà sí, kí ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn lè kọjá. Níbi tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ bá wà, ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn rẹ̀ ni kí ibùdókọ̀ wà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí wọ́n má ṣe wú ibùdókọ̀ kankan kúrò kí wọ́n tó tún ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ṣe lọ sí èyí tó kù. Kí gọ́tà ní ìdérí, kí iná tàn lálẹ́, kí òrùlé àti ìjókòó wà fún àgbàlagbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí àwọn òṣìṣẹ́ LASTMA tó máa mú dẹ́rẹ́bà tó bá dúró láàárín títì. Kí a kọ́kọ́ ṣe ibi tí yóò dúró sí, ká tó bá a wí pé kò dúró síbẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ará Èkó kò ní gbọ́. Irọ́ ni. Èèyàn kan náà tó ń pariwo "Ó wà o!" nínú danfo, bó bá wọ BRT, á tò sórí ìlà, á sì jókòó jẹ́ẹ́ títí wọ́n á fi dé ibùdókọ̀. Ìwà rẹ̀ kò yí padà, ètò ló yàtọ̀. Dẹ́rẹ́bà BRT mọ̀ pé iye èrò tó já gbà lójú títì kọ́ ni yóò jẹun lé lórí. Dẹ́rẹ́bà danfo ní owó tí yóò jíṣẹ́ fún ẹni tó ni ọkọ̀ nírọ̀lẹ́, ó ní owó epo, ó tún ní owó àwọn agbèrò. Bó bá rí èrò kan lójú ọ̀nà tí kò dúró, ẹlòmíràn á gbé e. Nítorí náà, bí ìjọba bá fẹ́ kí danfo máa dúró síbi tó yẹ, kó pe àwọn onímọ́tò àti ẹgbẹ́ wọn jókòó, kó sì mú owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn láàárín títì kúrò. Òfin nìkan kò lè ṣe é.

Ẹ̀yin gómìnà ìpínlẹ̀ Yorùbá yòókù, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ Èkó nìkan nìyí. Ìbàdàn ń fẹ̀, Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti Àkúrẹ́ náà ń fẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ọ̀nà ni ẹ ti lè tún un ṣe, kí ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ títì. Èyí tó wà l'Ékòó lónìí, àwọn ọdún tí a kò fi wọn nǹkan kan ló bí i.

Èmi kò ní kí ọkọ̀ gbé gbogbo wa dé ẹnu ilẹ̀kùn. Kò sí ìlú ńlá tó lè ṣe ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí á rìn díẹ̀, kí ọkọ̀ lè yára. Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó ní kí ìyá àgbà rìn sí i, kó kọ́kọ́ ṣe ọ̀nà tí yóò gbà rìn.