Ẹ Má Pa Á, Ó Ń Jí Ni

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án tó wà ní yàrá kọ̀ǹpútà wa ni mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Èrò tèmi ni pé ó yẹ ká ya àwòrán tiwa, èyí tí yóò máa hàn lójú wọn bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn wọ́n, ká sì kọ Yorùbá sí i. Kì í ṣe torí fáàrí. Kí wọ́n má baà bàjẹ́ ni.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Linux ló wà lórí wọn. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí a ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tó bá tún padà dé, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ yẹ díìskì rẹ̀ wò bóyá nǹkan ti dàrú níbẹ̀. Ní àsìkò yẹn, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì funfun ni yóò máa sáré kọjá lójú dúdú. Ọmọ JSS1 tó bá rí i á ní, "Ó ti bàjẹ́ nìyẹn!" Á tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ títí tó fi máa kú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àtúnṣe ló ń ṣe lọ́wọ́! Pípa á láàárín àtúnṣe ló lè ba fáìlì jẹ́ ní tòótọ́. Láti Ìkọ̀lé dé Ọyẹ́ dé Ìdó, ta ni kò mọ bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa. Láti 2015 ni JAMB ti gbé gbogbo ìdánwò UTME lọ sórí kọ̀ǹpútà. Àwa tí a fẹ́ wọ yunifásítì, títí kan FUOYE tó wà nítòsí wa yìí, iwájú kọ̀ǹpútà la máa jókòó sí. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ nínú mẹ́sàn-án, ìlà wa á tún gùn sí i.

Plymouth ni orúkọ ohun tó ń gbé àwòrán jáde nígbà tí Linux bá ń jí. Fedora ló kọ́kọ́ lò ó ní 2008, Ubuntu gbà á ní 2010. Ọ̀fẹ́ ni. Àwòrán PNG àti fáìlì kékeré kan tàbí méjì ni a ó kó sínú fódà kan ní /usr/share/plymouth/themes. Lórí Debian tí a ń lò, olùkọ́ wa á rí i pé "quiet splash" wà nínú /etc/default/grub, wọ́n á ṣe update-grub, lẹ́yìn náà plymouth-set-default-theme -R àti orúkọ àwòrán wa. Inú àwòrán gan-an ni ká kọ ọ̀rọ̀ sí, kí àmì ohùn má baà dàrú. Ohun tí mo fẹ́ ká kọ rèé: "Ẹ ní sùúrù. Mò ń yẹ ara mi wò. Ẹ má pa mí."

Àwọn kan ní ká kàn lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ògiri. Mo mọ̀ pé ara ògiri ni ọ̀rọ̀ tèmi náà wà o! Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti já kì í wo ògiri, kọ̀ǹpútà ló ń wò.

Àwọn mìíràn ní àwòrán á bo ohun tó yẹ kí ẹni tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà máa kà. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: bí díìskì bá fẹ́ kú, inú ọ̀rọ̀ tó ń sáré yẹn la ti lè tètè mọ̀. Àmọ́ Plymouth kò pa á rẹ́. Ẹ tẹ Esc, ọ̀rọ̀ á hàn. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́, àwòrán á padà.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn olùkọ́ wa: kí àwọn tó ń ṣe Fine Arts ya àwòrán náà, kí olùkọ́ Yorùbá bá wa yẹ àmì ohùn rẹ̀ wò, ká sì dán an wò lórí kọ̀ǹpútà kan ṣáájú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ JSS1 bá wọ yàrá kọ̀ǹpútà, kí wọ́n kọ́ ọ ní Esc.